Kéèsì tó dí pinpin ò ní kí dírìlì yín má dógùn-ún

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kò síbi tí ẹ máa dé láàárín àwa tá a ń fi irinṣẹ́ oníbátìrì jẹun, ìbáà ṣe káfíńtà, ìbáà ṣe àwọn tó ń kan alùmíníọ̀mù, ìbáà ṣe àwọn tó ń gbé sólà gun òrùlé, tí ẹnì kan ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ ra kéèsì tó dí pinpin, èyí tó ní rọ́bà yí ẹnu ká, pé tẹ́ ẹ bá ti ti irinṣẹ́ mọ́nú ẹ̀, ìpáàrà ò ní mọ̀nà débẹ̀ mọ́ láé. Ẹlòmíì á tún fi "IP65" kún un, á fi ìka gbá ara kéèsì náà pò, pò, ẹ wá bi í pé kí ni 6 yẹn ń ṣe, kí ni 5 yẹn ń ṣe, á ní ṣebí ẹ ti rí i níbẹ̀.

Mi ò bá kéèsì jà. Irinṣẹ́ tó wà nínú kéèsì nígbà tí ọkọ̀ já sí kòtò, ara ẹ̀ á dá ju èyí tó ń yí gbirigbiri nínú búùtù lọ, eruku ò ní bò ó, ọmọ iṣẹ́ ò sì ní sọ pé òun ò mọbi tí ṣájà wọlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti lo dírìlì fún oṣù kan ti mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí mò ń bá jà ni "ìpáàrà ò ní wọlé" yẹn. Kó wọlé láti ibo? Ta ló sọ fún yín pé ìta ló ti ń bọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú IP yẹn. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní IEC 60529, òun ló ni àwọn nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 0 sí 6, ń sọ̀rọ̀ nípa eruku àti nǹkan líle, 6 ni pé eruku ò ráyè wọlé rárá. Èkejì, 0 sí 9, omi ló ń sọ: 4 ni pé kí omi máa ta sí i lára láti ìhà gbogbo, 5 ni pé kí wọ́n fi ọ́ọ̀sì fọ́n omi sí i, 7 ni pé kí wọ́n rì í sínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Milwaukee Packout àti ToughSystem ti DeWalt, IP65 ni wọ́n ń pe àwọn àpótí wọn, òjò á sì rọ̀ lé wọn lẹ́yìn ọkọ̀ kó tó sú u. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà wọ́n ní tòkunbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí pé ti Milwaukee kì í há mọ́ ti DeWalt lórí o, ẹ yan ìdílé kan kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: omi tó ṣeé fojú rí ni wọ́n fi dán wọn wò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kọ́. Ìlànà yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé omi tó bá ti inú afẹ́fẹ́ di ìrì sínú àpótí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòun. Ẹni tó ṣòfin ti yọwọ́, àwa là ń fi orúkọ ẹ̀ búra.

Ẹni tó bá ti ra gàrí tí wọ́n dì nígbà tó ṣì ń gbóná mọ nǹkan tí mò ń wí. Láílọ́ọ̀nù ò jò, wọ́n so ó le dáadáa, òjò ò pa á, ẹ tú u lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti bu. Omi wo ló bà á jẹ́? Omi tó bá a wọlé ni. Ẹ wo inú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé àmàlà náà, omi á ti ṣù sí i lára tótótó. Láílọ́ọ̀nù tí ò jẹ́ kí tìta wọlé náà ni ò jẹ́ kí tinú jáde, rọ́bà ẹnu kéèsì ò sì mọ̀ pé ìta nìkan lẹ fẹ́ kóun máa ṣọ́.

Mo ti jìyà ẹ̀ rí ni mo ṣe ń pariwo. Ìgbà òjò ni, à ń to wọ́dúróòbù nílé ẹnì kan n'Ìbàdàn, òjò wá ká wa mọ́ ẹ̀yìnkùlé níbi tá a ti ń gé pákó. Mo fi àkísà nu dírìlì, mo nù ún dáadáa lójú ara mi, àkísà ọ̀hún ṣì dáa, mi ò fẹ́ kó sọnù, mo ká a pọ̀, mo kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ṣájà, mo pa kéèsì dé, ìkọ́ méjèèjì dún kọ́, kọ́. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ òkú wá gbé mi lọ sílé, mi ò padà sídìí ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìgbà tí mo ṣí i, òórùn tó kọ́kọ́ bá mi nímú dà bíi ti yàrá tí wọ́n ti pa fún ọdún kan. Eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń di bíìtì mú lẹ́nu dírìlì ti pọ́n, àwọn bíìtì tí mo tò sínú fóòmù pọ́n láti ìdí dé orí bí ẹni pé wọ́n bọ̀ wọ́n sínú epo pupa. Mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù yẹn, omi yọ.

Kéèsì ò sì jò o. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo ṣí omi lé e lórí, ẹ̀kán kan ò wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tì í dáadáa ni." Mi ò dá a lóhùn.

Ẹnì kan á ní ó dáa, tí mi ò bá ti àkísà tútù mọ́ ọn ńkọ́, afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí mélòó ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo jókòó ṣírò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 30°C, tó bá mu omi yó, omi tó wà nínú mítà kúbíìkì kan ẹ̀ (ìyẹn àyè tí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 1) á tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Àpótí irinṣẹ́ tó gba lítà 30, tẹ́ ẹ bá pín in, omi inú afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó gíráàmù 1. Ṣíbí tíì kan ṣoṣo, gíráàmù 5 ni. Nítorí náà àwọn alátakò mi ti fẹ́ẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ n gbà bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ tẹ̀ lé mi díẹ̀. Ẹ pa àpótí dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbóná tó 30°C, ọ̀rinrin wà ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Tó bá di aago mẹ́ta òru, tí ibi gbogbo ti tutù wá sí 22°C, afẹ́fẹ́ yẹn ò lágbára láti gbé gbogbo omi ọwọ́ ẹ̀ mọ́, á sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ kalẹ̀. Kò tó nǹkan o, gíráàmù 0.2 péré, kò lè kún ìdérí ìgò. Ó sì gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan, ibi tó bá tutù jù ló máa ń jókòó sí: ara kéèsì lóru, ara irin láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ti ń mú kéèsì gbóná tí irin ò sì tíì jí. Kò tún dìgbà tí omi bá ń kán kí irin tó dógùn-ún. Tí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, bó bá tiẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Irinṣẹ́ tó wà lórí pẹpẹ ńkọ́? Ọ̀rinrin máa ń kọlu òun náà, àmọ́ tó bá di ọ̀sán, tí atẹ́gùn fẹ́, á gbẹ. Ti inú kéèsì ò rí atẹ́gùn kankan.

Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ sòótọ́, gíráàmù 1 yẹn nìkan ò lè ba dírìlì jẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ohun tí à ń kó wọlé ló ń bà á jẹ́, a kì í sì í kà á sí omi. Ìbọ̀wọ́ tó ti mu òógùn. Lẹ́búlẹ́bú igi tútù, èyí tí wọ́n là lánàá tí wọ́n ń pè ní gbígbẹ, tó há sínú ihò atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì. Eruku POP, tó máa ń fa omi mọ́ra bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Fóòmù. Èyí tí ẹ̀yin ará Èkó máa ń ṣe jù wá ni iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ní AC: ẹ lo dírìlì níbẹ̀ látàárọ̀, irin ẹ̀ ti tutù, ẹ gbé e jáde sínú ooru, ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ìgò míńírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fìríìjì jáde, ẹ wá yára tì í mọ́nú kéèsì nítorí pé ọkọ̀ ń dúró.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ju àpò kékeré inú bàtà tuntun sí i, silica gel. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń yó. Èyí tó wúwo tó gíráàmù 5, tó bá gba gíráàmù kan ààbọ̀ omi ó ti gbìyànjú, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di òkúta wẹẹrẹ inú àpò. Ẹ fẹ́ tún un lò, ẹ máa yan án ní nǹkan bíi 120°C fún wákàtí mélòó kan. Àwọn kan ní hóró aláwọ̀ búlúù tó máa ń di píńkì tó bá ti yó, ìyẹn ṣeé mọ̀, èyí tó funfun ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Èyí tẹ́ ẹ yọ nínú bàtà lọ́dún méjì sẹ́yìn tó sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ látìgbà yẹn, ó ti yó kẹ́ ẹ tó rántí ẹ̀. Àwọn tó ń da ìrẹsì sí i, mo kí yín o.

Ṣé ká má ra kéèsì onírọ́bà ni? Rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí eruku sì ń wọ ibi gbogbo, òun náà ni mo máa ń lò. Àwọn tó wà létí òkun, Badagry, Lẹ́kkì, tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ wọn, ó ṣeé ṣe kó sàn kí wọ́n tì í ju kí wọ́n ṣí i sílẹ̀, tí wọ́n bá ti gbẹ irinṣẹ́ kí wọ́n tó tì í. Ní tèmi, n'Ìbàdàn níbí, lójú ọ̀nà ni mo máa ń tì í, tí mo bá délé màá ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú, màá fi ọ́ìlì díẹ̀ nu eyín ẹnu dírìlì àti bíìtì. Fóòmù, mo ti yọ ọ́ dànù. Bóyá òun ló fà á tí ti ọdún yìí ò fi pọ́n, bóyá òjò ni ò pọ̀ tó, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bó bá sì jẹ́ pé kéèsì tó dí gan-an lẹ ń wá, ẹ má fi ẹnu ẹni tó ń tà á ṣe. Ẹ ya bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ fi há ẹnu ìdérí, ẹ tì í, ẹ wá fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí ẹnu ẹ̀ ká, ní pàtàkì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí bébà bá ti yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi náà á gbabẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ "waterproof" gàdàgbà sí lára láìkọ IP kankan, igun méjì ni kì í yege.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ n fi ti bátìrì kún un, torí ìyẹn ò mọ ìpáàrà, ooru lọ̀tá ẹ̀, kéèsì dúdú tó dí pinpin nínú búùtù ọkọ̀ tó wà lóòrùn sì ni ilé ooru. Ìwé ìlò irinṣẹ́ Makita ní kẹ́ ẹ má gbé e síbi tó lè gbóná tó 50°C, ìwé DeWalt tiẹ̀ ní 40°C. Ọkọ̀ tí wọ́n tì lóòrùn ọ̀sán á ti kọjá 40 kẹ́ ẹ tó jẹun tán. Ẹ gbé bátìrì sọ̀kalẹ̀ dání, tó bá máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún fọ́fọ́, kó wà ní ìdajì tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má da skúrúù àti ìṣó sínú ihò tí bátìrì wà nínú kéèsì, ẹnu bátìrì ò gbọ́dọ̀ kan irin, ìṣó kan tó bá dábùú irin méjèèjì tó wà lẹ́nu ẹ̀ lè dá iná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irinṣẹ́ bọ̀ láti London náà, bátìrì tí kò sí lára irinṣẹ́ kì í wọ ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ lẹ máa gbé e sí, ẹ lẹ tépù mọ́ ẹnu ẹ̀. 18V tó jẹ́ 5Ah, 90Wh ni (ẹ fi V lọ́po Ah, Wh nìyẹn, ìwọ̀n agbára tó wà nínú bátìrì), ìyẹn ò kọjá 100 tí wọ́n fàyè gbà. 6Ah jẹ́ 108Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yín kẹ́ ẹ tó gbé e, kò sì ní ju méjì lọ fún ẹnì kan. Wọn ò ní bi yín léèrè bóyá kéèsì yín jẹ́ IP67.