Kí ló dé tí debug log fi ń fa Wi-Fi sẹ́yìn, tí tracing ò ṣe bẹ́ẹ̀ tó?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa lórí Linux: Wi-Fi ń já, wọ́n ṣí debug log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ) dráífà, ìyẹn ètò tó ń darí Wi-Fi, pé káwọn rí ohun tó ń já a, ló bá di pé kò já mọ́, ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́. Wọ́n pa log, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé o, log yẹn fúnra ẹ̀ ló ń yí àsìkò iṣẹ́ dráífà padà.

Ẹ wo ohun tí printk, èyí tí kánẹ̀lì (ọkàn Linux) fi ń kọ log, ń ṣe. Tí dráífà bá ti pè é, ojú ẹsẹ̀ ni kánẹ̀lì máa to ọ̀rọ̀ yẹn, á sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, á sọ àdírẹ́sì MAC di èyí téèyàn lè kà, á jù ú sínú bọ́fà (àyè kan nínú mẹ́mọ́rì), kò tíì tán síbẹ̀ o torí tí kọ̀ǹsóólù, ibi tí ọ̀rọ̀ kánẹ̀lì ti ń jáde, bá ń gba debug, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ CPU tó ń tọ́jú pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) yẹn gan-an ló máa dúró tẹ̀ ẹ́ jáde. Lórí ráútà, okùn serial ló sábà máa ń jẹ́, ìyára 115200 baud, ìyẹn nǹkan bíi lẹ́tà 11,520 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìlà tó ní lẹ́tà 80 á gba bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 7. Wi-Fi tó ń sáré ní 600 Mbps pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì oní-báìtì 1,500 ń gbé bíi pákẹ́ẹ̀tì 50,000 ní sẹ́kọ́ǹdì, torí náà kí ìlà kan ṣoṣo tó jáde tán, ó yẹ kí pákẹ́ẹ̀tì bíi 350 ti kọjá. Ẹ wá lọ fi ìlà kọ̀ọ̀kan sí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan!

Àwọn tó kọ kánẹ̀lì náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí ratelimit, tó ń dín iye ìlà log kù, fi wà: téèyàn ò bá yí i padà, ìlà 10 láàárín sẹ́kọ́ǹdì 5, ìyókù di "callbacks suppressed". Ó gba kọ̀ǹpútà là lóòótọ́, àmọ́ ìlà tí wọ́n ń wá lè wà nínú èyí tó gbé mì.

Tracepoint, ìyẹn àmì tí wọ́n fi sínú kóòdù fún tracing (ọ̀nà míì láti kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀), ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá wà ní pípa, lórí x86 nop kan lásán (àṣẹ tí kò ṣe nǹkan kan) ló wà níbẹ̀, CPU á kọjá lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá tan án, kánẹ̀lì á pààrọ̀ nop yẹn sí jump (àṣẹ fífò lọ síbòmíì) nínú kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á wá máa ju nọ́ńbà bó ṣe wà sínú bọ́fà, CPU kọ̀ọ̀kan ló sì ní bọ́fà tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kà á pẹ̀lú trace-cmd, irinṣẹ́ tó ń gba trace tó sì ń kà á, ló tó di ọ̀rọ̀ téèyàn lè kà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà míì. Ṣebí bí ìyá ẹlẹ́wà ṣe ń ṣe náà nìyẹn láàárọ̀, á kàn máa ju owó sínú abọ́, ó di alẹ́ kó tó kà á.

Àmọ́ gbogbo tracing kọ́ ló fúyẹ́ o, ibí làwọn èèyàn ti ń ṣì í. mac80211 (apá Wi-Fi nínú kánẹ̀lì) ní CONFIG_MAC80211_MESSAGE_TRACING, iwlwifi (dráífà Intel) ní iwlwifi_msg, ath10k (dráífà Qualcomm Atheros) náà ní irú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ debug náà ni wọ́n ń darí sínú trace, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò ó di lẹ́tà lójú ẹsẹ̀ bíi ti printk. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹsóólù, wọn ò bọ́ lọ́wọ́ títò. Ìdí nìyẹn tí ath10k_dbg, tó ń kọ debug ath10k, fi ń kọ́kọ́ wo debug_mask (irú debug tí wọ́n tan), kó wo bóyá tracing wà ní títàn, kó tó pe iṣẹ́ gidi rárá, torí pé ìpè òfìfo lórí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan náà ń náni lówó.

Dynamic debug, tó ń jẹ́ kí wọ́n tan ìlà debug tàbí pa á nígbà tí kánẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, wà láàárín: tó bá wà ní pípa ó fúyẹ́ bíi tracepoint, tí wọ́n bá tan án printk náà ni. Ó ń fi bíi 2% kún kóòdù kánẹ̀lì, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan lórí láptọ́ọ̀pù, àmọ́ lórí ráútà tí flash ẹ̀ ò ju 8 MB lọ, ó jẹ́ ọ̀rọ̀.

Trace náà ní àléébù tiẹ̀. Bọ́fà ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1408 KB fún CPU kọ̀ọ̀kan, tó bá kún, tuntun á máa pa ti àtijọ́ rẹ́, torí náà fún wàhálà tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóru, àfi kí wọ́n kọ ọ́ sí dísìkì tàbí kí wọ́n tètè fi 0 sínú fáìlì tracing_on, kó dá trace dúró, tó bá ti ṣẹlẹ̀. Tí kánẹ̀lì bá kú pátápátá ńkọ́? Inú mẹ́mọ́rì ni gbogbo ẹ̀ wà, ó bá a lọ. ftrace_dump_on_oops lè tú u jáde, àmọ́ ojú kọ̀ǹsóólù yẹn náà ló máa gbà, ó lè pẹ́ gan-an.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi síso pọ̀, jíjá, kí firmware kú, wà nínú log, kí ti pákẹ́ẹ̀tì wà nínú trace. Fún iwlwifi, trace-cmd record -e mac80211 -e cfg80211 -e iwlwifi máa ń tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi iwlwifi_data kún un bí kò bá pọn dandan, dátà tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ń gbà tó sì ń fi ránṣẹ́ ló wà níbẹ̀.