Oṣù mélòó ni omi ń lò lórí ilẹ̀ yẹn?

Inú oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olómi máa ń rí oníbàárà. Ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ti rọ, mọ́tò lè wọ ibẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì nawọ́ sí i pé, “Ẹ wò ó, ṣé ẹ rí omi kankan níbí?” Kò purọ́. Ìbéèrè tí ẹ bi í ni kò pé. Ohun tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni oṣù tí omi ń dé, oṣù tó ń lọ, àti bó ṣe jìn sí ojú ilẹ̀ tó tó bá lọ tán.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Ìráànì lọ́dún 1971 ka ilẹ̀ tí omi ń wá tó ń lọ mọ́ ilẹ̀ olómi, bó ṣe ka adágún tí kì í gbẹ. Lọ́dún 1979, Lewis Cowardin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan tó ń fi iye àsìkò tí omi ń lò pín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀rí. Ètò náà gùn. Èyí tó kàn wá ni mo mú.

Ilẹ̀ kan wà tí omi kàn ń yà sí: òjò ńlá rọ̀, odò kún, omi bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì fà. Òmíràn ni irà tó jẹ́ pé ọdún tí òjò bá kọ̀ nìkan ló ń gbẹ. Àárín àwọn méjèèjì ni àkùrọ̀ wà. Omi á yọ sójú ilẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹfà, ó lè fà díẹ̀ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Tí ọyẹ́ bá fi máa dé, ó ti sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò jìnnà. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ni àgbẹ̀ ń jẹ lára rẹ̀: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo tútù á jáde nígbà tí oko òkè ti gbẹ, wọ́n á sì tà dáadáa lọ́jà. Ní tèmi o, ẹni tó bá da yẹ̀pẹ̀ bo irú ilẹ̀ yìí torí ilé ti fi owó ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni ẹsẹ̀ òkè tí omi kì í hàn lójú rẹ̀ rárá, àmọ́ tí inú rẹ̀ kì í gbẹ látọdún dọ́dún. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń bára wọn ṣe.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà méjì. Nígbà tí omi bá kún inú ilẹ̀, atẹ́gùn ò ní í ráyè wọlé. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á lo èyí tó ṣẹ́kù tán, wọ́n á wá kọjú sí irin tó ń mú kí ilẹ̀ wa pupa. Irin náà á yòrò, omi á gbé e lọ, ilẹ̀ á di aláwọ̀ eérú. Níbi tí atẹ́gùn bá ti padà wọlé, pàápàá lójú ọ̀nà gbòǹgbò, irin tó kù á dógùn-ún. Nítorí náà, àwọ̀ eérú tó ní tótòtó pupa nínú fi hàn pé omi ń wá, ó sì ń lọ. Tó bá jẹ́ eérú nìkan láìsí pupa, omi kì í kúrò níbẹ̀. Àwọ̀ yìí kì í bá ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ẹ wọn ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: tí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀, ẹ̀gẹ́ á jẹrà níbẹ̀.

Ẹ wo ewéko pẹ̀lú. Ojú oró àti òṣíbàtà ò ṣe é fi bò. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń dá ògùrọ̀ lára rẹ̀ fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa tutù. Mo gba igi gbọ́ ju koríko lọ, torí koríko lè jẹ́ ti ọdún yìí nìkan.

Irin tí omi gbé lọ kò sọnù o. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ló ń kó jọ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni a ń gbin ìrẹsì sí. Tí ó bá pọ̀ jù, ewé ìsàlẹ̀ ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó, ohun kan bí epo á sì máa dán lójú omi. Àwọn kan á ti máa yọ̀ pé rọ̀bì ni. Ẹ fi igi tọ́ ọ: tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ tí kò padà so pọ̀, irin ni. Ẹ la ojú omi kí oko lè fà díẹ̀.

Ibi tí kòtò ò ti ní í sọ gbogbo òótọ́ ni etí odò ńlá. Ní etí Odò Ògùn, bíi Ìṣẹ̀rì àti Àjégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 lè tú omi sílẹ̀ kí ó sì bo àdúgbò tí òjò ò rọ̀ sí. Omi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó láti yí àwọ̀ ilẹ̀ padà. Ẹ wá ìlà omi lára ògiri ilé tó wà nítòsí, kí ẹ sì bi ayálégbé, ẹ má bi onílé, pé oṣù wo ni wọ́n máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù.