Ẹ̀fọ́ tí ò rí kẹ́míkà rí, ṣé ìyẹn wá ní kò léwu ni?

Ibi yòówù kéèyàn yà sí l'Ékòó báyìí, ì báà jẹ́ Oyingbo, ì báà jẹ́ Mile 12, títí dórí àwọn tó ń di ewé sínú ọ̀rá olówó iyebíye tà fáwọn ará Lekki lórí Instagram, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: "Ọ́gáníìkì ni o, kò sí kẹ́míkà ńbẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ la fi gbìn ín." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, ọkàn oníbàárà á balẹ̀, á gbà pé ó mọ́ nìyẹn. Àbúrò mi kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi fàtìláísà gbìn nìkan lèèyàn ń fọ̀, pé téèyàn bá lọ fọ èyí tó jẹ́ ti àdáyébá, omi á kó gbogbo oore ara ẹ̀ lọ. Mo ní háà, ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fàtìláísà àti oògùn apakòkòrò, ẹjọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá lóun ò fẹ́ wọn nínú oúnjẹ òun ò jẹ̀bi. Àmọ́ ohun tó sábà máa ń dá inú èèyàn rú lẹ́yìn tó bá jẹ sàláàdì tán, kì í ṣe kẹ́míkà o, kòkòrò àìfojúrí tó tinú ìgbẹ́ wá ni. Salmonella ń gbé nínú ìfun adìyẹ, ara adìyẹ ọ̀hún lè le koko kó sì máa yàgbẹ́ ẹ̀ káàkiri. Inú màlúù ni E. coli O157 fi ṣelé. Ti èèyàn ló wá burú jù, torí òun ló ń kó táífọ́ọ̀dù àti ẹyin aràn wá, ẹyin aràn yẹn sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kó má kú. Àdáyébá ni gbogbo wọn! Kò sí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Ní 2011, lórílẹ̀-èdè Jámánì, èéhù irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní fenugreek wà táwọn èèyàn ń jẹ ní tútù, oko ọ́gáníìkì ló ti wá, oko tí ò fojú kan fàtìláísà. E. coli tó wà lára ẹ̀ kó àìsàn bá èèyàn tó lé ní 3,800, àwọn tó kú sì lé ní 50. Kì í ṣe ìgbẹ́ ẹran inú oko yẹn ni wọ́n tọpasẹ̀ ẹ̀ dé o, irúgbìn tí wọ́n kó wá láti Íjíbítì ni wọ́n fura sí jù. Ẹ rí i pé ìdọ̀tí lè gba ibi téèyàn ò rò wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, kí ẹnì kan má gbọ́ èyí tán kó wá lóun ò ra ẹ̀fọ́ onígbẹ̀ẹ́ adìyẹ mọ́ láé, ìyẹn náà àṣìṣe ni. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí l'Amẹ́ríkà. Ní 2006, E. coli wọ inú ewé spinach tó wá láti California, 199 èèyàn ló ṣàìsàn káàkiri ìpínlẹ̀ 26, èèyàn 3 kú. Ẹ̀rù ba àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra ẹ̀fọ́, wọ́n bá ń fúngun mọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gé gbogbo igbó àti igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko dànù kí ẹranko má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Wọ́n gé e. Nígbà tó di 2015, àwọn onímọ̀ tó yẹ àyẹ̀wò ọlọ́dún púpọ̀ wò tẹ èsì jáde pé oko tí wọ́n gé igbó ẹ̀ ò mọ́ ju èyí tí wọn ò gé lọ, àwọn mìíràn tiẹ̀ tún burú sí i. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Washington State University rí i nínú oko broccoli pé níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú ilẹ̀ dáadáa, yímíyímí máa ń pọ̀, àwọn àti kòkòrò kéékèèké inú ilẹ̀ ló sì ń pa kòkòrò búburú inú ìgbẹ́ run. Yímíyímí tá à ń rí tá à ń ṣe họ̀ọ́ò sí o! Ilẹ̀ tó lẹ́mìí ń ràn wá lọ́wọ́, ìgbẹ́ tútù tí wọ́n dà sórí ẹ̀ láìṣètọ́jú ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Òfin ọ́gáníìkì l'Amẹ́ríkà ní téèyàn bá fi ìgbẹ́ tútù sí ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 120 kó tó kórè ohun tó ń fara kan ilẹ̀, ọjọ́ 90 fún èyí tí kì í fara kàn án. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo Èkó ńbí. Tẹ̀tẹ̀ ò ju nǹkan bí oṣù kan lọ tí wọ́n á fi fà á, ewédú náà ò jìnnà sí i, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n á tún da ìgbẹ́ sí, orí ilẹ̀ tí onílẹ̀ lè ní òun fẹ́ kọ́lé lé lọ́la. Ta ló fẹ́ dúró ọjọ́ 120? Kò sí. Torí náà kí ìgbẹ́ yẹn ti jinná kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì ni. Kí wọ́n kó o jọ pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ àti ẹ̀rún pákó, kó gbóná dé 55°C ó kéré tán: tó bá jẹ́ òkìtì gbọọrọ tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì yí, kó wà nínú ooru yẹn fún ọjọ́ 15, kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí tìta náà lè di tinú. Màlámù kan lápá Ojo, tó ń gbin ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, fi tiẹ̀ hàn mí. Ó fi tàpólì dúdú bò ó, ó ki irin gígùn kan bọ àárín ẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá fà á yọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ di ibí mú." Mi ò lè dì í mú pẹ́ o. Kò ní tẹmómítà kankan, àmọ́ ó mọ ohun tó ń ṣe ju ẹlòmíì tó ń polówó ọ́gáníìkì lọ.

Àwọn mìíràn á ní "ṣebí a ti sá a sóòrùn, ó ti gbẹ." Kó gbẹ kọ́ ló ní kó kú. Salmonella lè pẹ́ nínú ìgbẹ́ gbígbẹ, atẹ́gùn á wá máa fẹ́ eruku ẹ̀ sórí ewé tí wọ́n fẹ́ já lọ́la.

Kọ́ḿpọ́ọ̀sì, ìyẹn ìgbẹ́ tó ti jinná yẹn, lè dáa títí, tó bá jẹ́ omi kánáàlì ni wọ́n ń fi garawa bù sórí ẹ̀fọ́, òtúbáńtẹ́ ni, èmi tiẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ omi yìí ló le jù l'Ékòó. Àwọn tó ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń gbìyànjú, torí tí òjò Èkó bá ń rọ̀, erùpẹ̀ kì í ta sára ewé wọn, ilẹ̀ á sì tutù láìbomi púpọ̀. Ìbolẹ̀ kan, àǹfààní méjì. Àmọ́ tí ẹ̀fọ́ ọ̀hún bá wá dé ọjà, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á tún fi omi ike kan wọ́n ọn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má baà rọ, ẹ bi wọ́n léèrè omi yẹn, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín.

Nínú ilé wá ńkọ́? Èyí tá à ń sè, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, iná á bá wa mú púpọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tá à ń jẹ ní tútù ni kẹ́ ẹ ṣọ́: létúùsì, kábéèjì, kùkúḿbà. Iyọ̀ tá à ń dà sómi, kòkòrò tó ń rìn lára ewé ló ń mú jáde, kì í pa àwọn tójú ò rí. Fínígà máa ń dín wọn kù, kì í kó wọn tán. Ẹ já ewé ìta kábéèjì dànù, ẹ tú létúùsì ní ewé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn ṣan án, kì í ṣe kẹ́ ẹ rì í sínú bàsíà kan náà tẹ́ ẹ ti fọ ẹran. Kùkúḿbà náà, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bó o, torí ọ̀bẹ tó bá la èèpo ìdọ̀tí kọjá, inú ló ń kó o lọ.