Ta Ló Ń Fọwọ́ Sí Ìwé Àtìmọ́lé?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, aṣòfin kan fò sórí tábìlì, ó ń lọgun pé iná ń jó lórí òkè. Kí a tó ṣẹ́jú, àga ti ń fò káàkiri, ọlọ́pàá sì ti yin tajútajú. Gbogbo wa la mọ ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá tó fà á, mi ò ní tún un sọ. Ìwé tó tẹ̀lé rògbòdìyàn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni òfin ìgbésùnmọ̀mí tí à ń lò lónìí ti ta gbòǹgbò.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó kéde pàjáwìrì. Wọ́n yan Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, ṣe alákòóso ẹkùn náà. Ó ní àṣẹ láti buwọ́ lu ìwé kan ṣoṣo, kí ó sì fi sé ẹni tó bá fẹ́ mọ́ ojú kan láìsí ẹjọ́ rárá. Wọ́n gbé Awólọ́wọ̀ lọ sí Lẹ́kí. Ìwé kan náà kan Rótìmí Williams, agbẹjọ́rò tí ayé ń pè ní Timi the Law. Ẹni tí wọ́n sì gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yìí, òfin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba kóòtù lọ.

Ohun tó gbé lọ́wọ́ lọ kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1958, ìgbìmọ̀ Willink tó wá gbọ́ ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin Nàìjíríà. Àdéhùn tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní 1950 ni wọ́n wò ṣe é. Nínú rẹ̀, ìjọba lè gé ẹ̀tọ́ ènìyàn kù nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n gígé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ní làákàyè lè dá láre. Gbólóhùn kékeré ni, àfi bí ìdè ọkọ́: òun ló di gbogbo rẹ̀ mú.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Bóyá pàjáwìrì wà tàbí kò sí, ti àwọn aṣòfin ni. Ṣùgbọ́n bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún Williams tọ́ sí bí ìlú ṣe rí, ti kóòtù nìyẹn. Wọ́n wò ó, wọn ò rí ìdáláre kankan, wọ́n sì fa ìwé náà ya. (Májẹ̀kódùnmí tó kọ ìwé àti Adémọ́lá olórí adájọ́, ọmọ Abẹ́òkúta làwọn méjèèjì. Ìyẹn kò gba ìwé náà là.)

Nígbà tí ológun dé, wọ́n mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Òfin Kejì ọdún 1984, ti ìjọba Bùhárí, gbé bírò fún igbákejì rẹ̀, Túndé Ìdíàgbọn: ó lè ti ènìyàn mọ́lé fún oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lè tún un kọ. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú òfin náà pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ bi í léèrè. Abẹ́ rẹ̀ ni agbẹjọ́rò Gani Fáwẹ̀hìnmí kó sí ní oṣù Kìíní 1996, tí wọ́n gbé e láti Ìkẹjà títí dé ẹ̀wọ̀n Bauchi. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì di àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí àwọn ará Áfíríkà ṣe mú. Ọdún 2000 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àdéhùn náà lágbára ju òfin lásán lọ, àmọ́ kò ga ju ìwé òfin ìlú.

Ní ọdún 2001, lẹ́yìn ìkọlù New York, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè gbogbo ṣe òfin ìgbésùnmọ̀mí. Nàìjíríà kọ́kọ́ ki díẹ̀ bọ inú òfin EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì àti ìkówójẹ. Kò pọ̀ tó mọ́ nígbà tí bọ́ǹbù bú l'Ábújá lọ́jọ́ òmìnira 2010. Jonathan fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2013, Bùhárí sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2022.

Bírò ti kúrò lọ́wọ́ ológun báyìí, adájọ́ ló mú un. Lábẹ́ òfin 2022 yìí, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n lè fi ti afurasí mọ́lé, wọ́n sì lè tún un kọ títí ìwádìí yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀, abala 35 ìwé òfin ìlú ń sọ pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù, bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà. Wọ́n sì lè tọrọ ọgọ́ta ọjọ́ náà láìsí afurasí nínú kóòtù. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ibí yìí, wọ́n ń fá a.

Ní oṣù Kẹjọ 2024, kóòtù ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá fọwọ́ sí ọgọ́ta ọjọ́ fún àwọn tí wọ́n mú nínú ìwọ́de ebi. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó kó wọn wá dúró níwájú adájọ́. Ọmọdé wà láàárín wọn, àwọn kan sì dákú sílẹ̀ kóòtù.