Kí ọmọ yín tó gba fọ́ọ̀mù másítà nínú ìṣirò pọ́ńbélé

Ní Adó-Èkìtì níbí, bí àwọn ọmọ bá ti ń parí àgùnbánirọ̀ ni àwọn òbí máa ń wá bá àwa tí a ń kọ́ni ní ìṣirò: "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀mọ̀wé, ọmọ yìí lóun fẹ́ ṣe másítà nínú ìṣirò pọ́ńbélé, pure mathematics. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, n ó sì dáhùn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ṣé ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa títí tó fi gboyè àkọ́kọ́, fọ́múlà ló mọ̀. Yóò ki nọ́ńbà bọ̀ ọ́, ìdáhùn yóò jáde. Ní másítà, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé èló ni mọ́. Wọ́n á ní kó fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, pé bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí láìku ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi fún 1 àti fún ara wọn: 2, 3, 5, 7, 11, 13 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Práìmù là ń pè wọ́n. Ẹ sọ 2 àti 3 di púpọ̀, 6 ni. Ẹ fi 1 kún un, ó di 7, práìmù ni. Ẹ mú 5 mọ́ wọn, 30 ni, ẹ fi 1 kún un, 31: práìmù. Ẹ mú 7 wọlé, ó di 211, práìmù. Ẹ mú 11 wọlé, ó di 2311, práìmù lòun náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ju bíírò sílẹ̀, tí wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé práìmù ni yóò máa jáde nígbà gbogbo. Ẹ wá mú 13 wọlé: 30031. Kì í ṣe práìmù rárá, 59 lọ́nà 509 ni. Mẹ́rin bára mu léraléra, ìkarùn-ún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ló kàn yìí. Kò sí 59, kò sí 509, lára àwọn mẹ́fà tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ lè sí, torí pé èyí tó wù kí ẹ fi pín 30031 nínú àwọn mẹ́fà náà, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Nítorí náà, bó ti wù kí práìmù tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀ tó, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, kí ẹ fi 1 kún un: práìmù tí kò sí lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ yóò yọjú, ì báà jẹ́ nọ́ńbà tuntun náà fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó pín in. Wọn ò lópin nìyẹn. Euclid, Gíríìkì ayé àtijọ́, ti kọ irú ẹ̀rí yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ó sì dúró gbọn-in títí dòní.

Ọmọ tí orí rẹ̀ bá wú nígbà tó ka ìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá ń béèrè bóyá yóò jáde nínú ìdánwò, ọpọlọ rẹ̀ lè pé ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kó lọ wo statistics tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Kó dán ara rẹ̀ wò nílé kó tó náwó. Kó mú tíọ́rẹ́ẹ̀mù kan, ìyẹn òótọ́ ìṣirò tó ní ẹ̀rí, nínú ìwé real analysis tó lò ní yunifásítì, kó kà á, kó pa ìwé dé, kó kọ ẹ̀rí rẹ̀ sórí bébà òfìfo. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kò tíì yé e. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún abstract algebra náà. Ojú ìwé kan lè gbà á lódindi ọjọ́, ẹ má sì rò pé ọ̀lẹ ni bí ẹ bá bá a níbi tó jókòó tó ń wo ògiri. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ ibi tí yóò ti kà á, alábòójútó, ẹni tí yóò máa tọ́ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sọ́nà, ni mo máa ń wò kí n tó wo orúkọ yunifásítì. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lábẹ́ ẹni náà báyìí: ṣé ó máa ń ka ohun tí wọ́n bá kọ? Ìgbà wo ni wọ́n rí i kẹ́yìn? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kó sanwó kí jọ́nà kan, ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó sá. Kò sẹ́ni tó lè yẹ ẹ̀rí tuntun wò dáadáa láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Owó kì í ṣe ìdí láti jókòó. AIMS (African Institute for Mathematical Sciences) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, tó ti ní ẹ̀ka ní Gánà, Sẹ̀nẹ̀gà, Kamẹrúùnù àti Ruwáńdà, máa ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti ṣe másítà. ICTP (International Centre for Theoretical Physics) ní Trieste, ní Ítálì, tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964, ní dípúlómà ọlọ́dún kan nínú ìṣirò fún àwọn tó wá láti irú orílẹ̀-èdè tiwa, wọ́n sì ń fún wọn lówó ìtọ́jú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ Èkìtì. Ọmọ Orin-Èkìtì ni Adegoke Olubummo, tó gba PhD nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní 1955. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn.

Ó wá ku ìbéèrè ẹ̀yin òbí, pé ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó rọrùn láti sọ 59 àti 509 di púpọ̀, àmọ́ ta ni yóò wo 30031 lásán tí yóò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló bí i? Bí práìmù méjèèjì bá wá gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, kọ̀ǹpútà òde òní pàápàá kò lè tú èsì ìsọdipúpọ̀ wọn padà sí méjèèjì. Orí ìyẹn ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé RSA kà ní 1977, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wà, àmọ́ wọn kì í kọ "ìṣirò pọ́ńbélé" sára ìpolówó rẹ̀. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe másítà yìí ń dà. Àwọn yòókù ń lọ sí báńkì àti iléeṣẹ́ sọ́fítíwíà. Nítorí náà, láti sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́ ni kí ọmọ náà ti máa kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá parí.