Mọ́tò tó kú lójú ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rí pé pọ́ǹpù epo ti bàjẹ́

Bí mọ́tò àtijọ́ bá kú lọ́sàn-án gangan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọ̀ tí kò sitáàtì mọ́, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ni pé pọ́ǹpù epo ti lọ. Kíá, wọ́n á ra tòkunbọ̀ kan, wọ́n á tú ìjókòó ẹ̀yìn láti dé orí táǹkì. Lóòótọ́ pọ́ǹpù máa ń kú. Ṣùgbọ́n iná, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ ara mọ́tò, tí iná ń gbà padà) àti epo tó mọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá yẹ̀ nínú wọn, àmì kan náà ni ẹ ó rí.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí rinlẹ̀ ni pé pọ́ǹpù tuntun sábà máa ń dà bíi pé ó yanjú ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní láti yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà orí táǹkì, kí wọ́n sì tún un kì bọ̀ ọ́. Bí irin inú rẹ̀ bá ti dógùn-ún, yíyọ àti kíkì yẹn nìkan ti ha á mọ́. Mọ́tò á rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún kú, wọ́n á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Honda Civic àti Accord ti àwọn ọdún 1990 wà lára àwọn tó máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Rílè kan (irú swíìṣì kan tó ń fi iná ṣiṣẹ́) wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, òun ló ń fún pọ́ǹpù níná. Òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó inú máa ń sán bó bá pẹ́. Bí oòrùn bá ti mú inú mọ́tò gbóná, ibi tó sán á ṣí, iná á gé. Kí wọ́n tó wọ́ ọ dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti tutù, á sì jí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sitáàtì: pọ́ǹpù Honda gbọ́dọ̀ dún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kò bá dún, kí ríwáyà kọ́kọ́ tún òjé rílè náà jó. Ẹ má fi èyí wọn Toyota o; ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dún àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí.

Wíwọn iná gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í jù. Wọ́n á yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, mítà á ka 12 fóòtì (volt), wọ́n á ní iná pé. Wáyà tó ti jẹ, tó ku fọ́nrán kan, lè gbé 12 hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wà nípò, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ti ẹ̀yìn kan mítà mọ́ ọn. Bí iye tó dé ibẹ̀ bá fi ju fóòtì 1 lọ dín sí ti bátìrì, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá lọ.

Bí iná bá pé, ẹ wá fi géèjì wọn agbára tí epo fi ń tì jáde. Camry 2002 sí 2006, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, yẹ kó ka 44 sí 50 psi. Bí kò bá dé ibẹ̀, tí fílítà àti asẹ́ inú táǹkì kò dí, tí règúlétọ̀ (tó ń mú agbára epo wà níwọ̀n) sì dára, ó di ti pọ́ǹpù. Mọ́tò tó jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá gbá ìdí táǹkì kó tó jí, pọ́ǹpù tirẹ̀ ti jẹ nínú.

Kí ẹ tó tú pọ́ǹpù, ẹ yọ fíyúùsì rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú, kí epo má baà tú jáde, kí ẹ sì tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kò gbọdọ̀ sí sìgá nítòsí. Asẹ́ tuntun àti rọ́bà ìdérí táǹkì tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ sitáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dá ìjókòó padà. Bí epo bá ń mú etí ìdérí tutù, rọ́bà yẹn kò jókòó dáadáa.