Ohun tó ń jẹ ìdùnnú run nílùú olówó

Lọ́dọọdún ni àwọn aṣèwádìí ń bi àwọn ènìyàn káàkiri ayé ní ìbéèrè kan. Ká ní àkàbà kan wà níwájú rẹ, òdo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, 10 ni òkè téńté. Ìgbé ayé tó dára jù tó o lè ní ló wà lókè, èyí tó burú jù ló wà nísàlẹ̀. Orí èwo lo dúró sí lónìí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń to àwọn orílẹ̀-èdè tẹ̀ léra nínú ìròyìn ìdùnnú àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Àwọn olówó ló sábà máa ń wà lókè, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà kúrò láàárín 20 àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ipò 23. Bí wọ́n bá ka àwọn ọ̀dọ́ wọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nìkan, ipò 62 ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè wà ní ipò kẹwàá. Owó Amẹ́ríkà kò kúkú dín kù láàárín ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1974 ni Richard Easterlin, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, sọ pé owó tó ń wọlé fún àwọn ará ìlú òun ti pọ̀ gan-an lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé inú àwọn dùn kò pọ̀ sí i bí owó ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó rí irú rẹ̀ ní Japan: láàárín 1958 sí 1987, owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po márùn-ún, ìdùnnú wọn sì dúró sójú kan. Àwọn kan takò ó. Betsey Stevenson àti Justin Wolfers, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, sọ ní 2008 pé ibi tí owó bá pọ̀ sí náà ni inú ti ń dùn jù. Òótọ́ wà nínú tiwọn náà. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ lánàá, owó ni ìdùnnú rẹ̀, kò sí àlàyé míì níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ikùn bá ti kún, tí òrùlé ò sì jò mọ́, ni àríyànjiyàn dá lé.

Ìdí mẹ́ta ló lè fà á tí owó kì í fi mú ìdùnnú pọ̀ sí i nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni pé gbogbo nǹkan ló ń mọ́ni lára. Lọ́dún 1978, Philip Brickman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn 22 tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois lẹ́nu wò. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn tí kò jẹ nǹkan kan lọ. Àwọn nǹkan kéékèèké pàápàá, bí oúnjẹ àárọ̀ tàbí àwàdà tó dùn, kò dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù. Bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe rí náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, onílé á máa dúpẹ́; kó tó pé ọdún kan, ariwo rẹ̀ nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ìkejì ni ìfarawéra. Sara Solnick àti David Hemenway bi àwọn kan ní 1998 pé èwo ni wọ́n máa mú: kí owó ọdún wọn jẹ́ 50,000 dọ́là, kí ti àwọn yòókù jẹ́ 25,000, tàbí kí tiwọn jẹ́ 100,000, kí ti àwọn yòókù jẹ́ 200,000? Nǹkan bí ìdajì wọn ló mú èyí tó kéré, nítorí wọ́n fẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí èèyàn ń wò ṣe pàtàkì ju iye tó wà lápò rẹ̀ lọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì jáde lọ́dún 1969, àwọn tí wọ́n jọ lọ àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ló ń fi ara rẹ̀ wé. Wọn ò pọ̀, ó sì mọ gbèsè wọn bó ṣe mọ owó wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Under G lónìí, inú fóònù ló ti ń wo ẹni tó wà ní Dubai, ẹni tí kò pàdé rí, tí kì í sì í gbé àwòrán gbèsè jáde.

Ìkẹta ni wọn kì í sọ tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló wúwo jù. Owó máa ń ra ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ wo oko. Nígbà tí kò sí owó alágbàṣe, àáró ni àgbẹ̀ ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: wọn á ro oko ti lágbájá lónìí, wọn á ro ti tàmẹ̀dù lọ́la. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀, á wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ pé òun ń wá ojúlùmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bínú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti tó ilé ọkọ lọ. Nígbà tí owó dé, wọ́n pe alágbàṣe, wọ́n sì háyà katakata. Iṣẹ́ ń yá, oko sì mọ́. Ohun míì tó bá àáró lọ, kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀ mọ́ owó katakata.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé. Nínú agbo ilé àtijọ́, kànga kan ni gbogbo ilé ń pọn. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, kí ìyá rẹ̀ tó ké lẹ́ẹ̀kejì, ìyá ọkọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Òfófó wà níbẹ̀ o, ìjà orogún wà, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti dá ẹran jẹ. Kò yẹ ká pa irọ́ mọ́ agbo ilé: ọ̀pọ̀ tó jáde níbẹ̀, ìsinmi ló wá lọ. Ẹni tó bá rí owó á kọ́ ilé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, pẹ̀lú fẹ́ńsì, gẹ́ètì, kànga ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀. Bí èèyàn bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Kò sẹ́ni tó rà àdáwà lọ́jà. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀. Bí ìnáwó bá dé, alásè tí wọ́n sanwó fún ló ń dáná. Àwọn ìyàwó ilé tí wọn ì bá jí lóru láti dáná ti di àlejò tó wọ aṣọ ẹbí, tó jókòó de oúnjẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìjọba Ìlú Ọba fi ọ̀rọ̀ àdáwà sí abẹ́ mínísítà kan. Japan ṣe tirẹ̀ ní 2021. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sọ ní 2023 pé gbogbo oúnjẹ tí òun jẹ lánàá, òun nìkan ló dá a jẹ. Iye wọn fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 2003 lọ. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1938, tó ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn kan láti ìgbà èwe wọn di ọjọ́ ogbó, bí àárín ẹnì kan àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gún sí ní àádọ́ta ọdún ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe le sí ní ọgọ́rin ọdún, ju bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ló ń dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Finland lówó, ọ̀pọ̀ ló sì ń dá gbé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló wà ní ipò kìíní lọ́dọọdún láti 2018 sí 2025. Àwọn ará ibẹ̀ fọkàn tán ara wọn láìmọ ara wọn. Wọ́n gbà pé pọ́ọ̀sì tó bá já bọ́ lójú títì yóò padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, àti pé àìsàn kan kò ní sọ ìdílé di onígbèsè. Ohun tí aládùúgbò ń ṣe fúnni tẹ́lẹ̀, ìlú gbà á ṣe. Amẹ́ríkà ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn: ó tú àwọn èèyàn ká, kò sì fi ohun tó tó bẹ́ẹ̀ dípò.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2003, ìwádìí kan tó kàn ju orílẹ̀-èdè 65 lọ gbé wa sí ipò kìíní nínú àwọn tó ń sọ pé inú àwọn dùn, inú wa sì dùn sí i lóòótọ́. Lórí àkàbà, a ò sí láàárín 100 àkọ́kọ́ ní 2025. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì, torí ìbéèrè kan ń béèrè bí inú ṣe rí, èkejì ń béèrè bí ayé ẹni ṣe rí. Ẹni tí wọ́n bá sì bi léèrè ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé báwo ni nǹkan, á kọ́kọ́ ní "a dúpẹ́" kó tó sọ pé òrùlé òun ti ṣí.

Ní àwọn àdúgbò tuntun tó ń yọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tiransífọ́mà tó jó, ọ̀nà tí àgbàrá wọ́, àti owó ọlọ́dẹ ló ń kó àwọn lándílọ́ọ̀dù jọ sí ìpàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ti gbé sólà sórí òrùlé kò ní ìdí láti wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dáwó tiransífọ́mà.